Alákòóso Tàjúdíìn àti Ọmọ Tó Sọnù ní Kara

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti rí agbéraga rí, ẹ fara balẹ̀ ná. Èyí tí ẹ rí yẹn, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. Ọ̀gá wọn gbé ìlú Sókótó ní àsìkò tí òyìnbó ṣì wà lórí àlééfà, tí gbogbo ẹni tó ní ẹnu sì ti ń sọ̀rọ̀ òmìnira. Tàjúdíìn Àdìó ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, obì ló ń tà, ènìyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè rí àfi tó bá ń pe ìrun. Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ ṣe bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ má bi mí, èmi náà ń bèèrè ni.

Tàjúdíìn kàwé díẹ̀. Ó ṣe ògbufọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba fúngbà díẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ pé bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ tó gùn tí kò nítumọ̀, àwọn tí kò gbọ́ ọ á máa pè é ní ọgbọ́n. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Aláàbò Ọmọ, ẹgbẹ́ aláàánú kan tí olú ilé rẹ̀ wà ní Kàdúná, ń wá alákòóso tó gbọ́ Yorùbá, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì fún Sókótó, òun ni wọ́n mú. Èdè ni wọ́n wò, wọn kò wo ìwà.

Iṣẹ́ náà kò díjú. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá àti àwọn àgbà ti fohùn ṣọ̀kan láti máa ṣọ́ ọmọdé: ọmọ tó sọnù lọ́jà, ọmọ tí òbí rẹ̀ kú, ọmọ tí ẹni tó gbà á tọ́ ń fìyà jẹ. Ti alákòóso ni kó máa rìn láti àdúgbò dé àdúgbò, kó gbọ́ ohun tó ń dùn wọ́n, kó sì so wọ́n pọ̀ kí ọwọ́ wọn lè ká iṣẹ́. Ní Kasuwar Kara, ọjà ẹran tí màlúù ti ń bá ènìyàn du ọ̀nà, obìnrin méjì ló gbé iṣẹ́ yìí lórí: Ìyá Bùsírátù, ará Ìlọrin tó ń ta abọ́ tánganran, àti Kulu, opó ọmọ Haúsá tó ń hun ẹní. Bí ọmọ bá sọnù, Ìyá Bùsírátù á rí i, Kulu á gbà á sílé, á fún un ní fùrá mu, ládàánì á kéde lẹ́yìn ìrun, ìyá ọmọ á sì dé pẹ̀lú omijé lójú kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì lu àyà lé e lórí.

Ohun àkọ́kọ́ tí Tàjúdíìn ṣàkíyèsí nígbà tó dé orí àga ni pé àga náà kéré. Ó ní kí káfíńtà kan òmíràn, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga débi pé ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọlé á rò pé ìlẹ̀kùn ni wọ́n gbé dúró síbẹ̀. Ohun kejì ni pé kò sẹ́ni tí yóò máa yìn ín. Ó bá gba akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Hùsèínì, ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò mọ̀ ju kó máa mì sísàlẹ̀ sókè bíi ti alángbá.

Bí àlejò bá dé, Hùsèínì á lu agogo. Àlejò á bọ́ bàtà, á kúnlẹ̀, á sì wí pé: “Bàbá gbogbo ọmọ, ẹ̀fúùfù tó ń gbé ọmọ tó ṣubú dìde!” Bí ohùn rẹ̀ kò bá ròkè tó, Hùsèínì á ní kó jáde kó tún wọlé. Bàbá arúgbó kan wà tó wọlé títí tó fi gbàgbé ohun tó bá wá.

Lẹ́yìn náà ni Alákòóso pe gbogbo àdúgbò jọ. Ó dìde, ó wúkọ́, ó wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kí i láti òkè wá.

“Ẹ̀yin ará Sókótó! Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin baba, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń rò ó! Kí n tó dé, òkùnkùn ni. Mo dé, ilẹ̀ mọ́. Ọmọ kàn ń sọnù bó ṣe wù ú ní ìlú yìí, láìgbàṣẹ, láìwí fún ẹnikẹ́ni. Ó tó gẹ́ẹ́! Láti òní lọ, ọmọ tí ẹ bá rí he, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un wá. Ẹ kò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ kí n tó rí i, nítorí ọmọ tó ti yó kì í sọ òtítọ́. Ẹni tó bá gbé ọmọ pamọ́ sílé ara rẹ̀, gbọ́mọgbọ́mọ ni mo máa pè é, dògarì, ọlọ́pàá ìbílẹ̀, á sì wá mú un. Paríparì rẹ̀, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ sọnù lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí ọ́fíìsì mi kì í ṣí lọ́jọ́ náà.”

Hùsèínì bú sẹ́kún ayọ̀. Ó mọ ẹkún ayọ̀ sun dáadáa. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà á síṣẹ́ nìyẹn.

Ìyá Bùsírátù na ọwọ́ sókè. “Alákòóso, ọmọ kì í mọ ọjọ́ tí òun máa sọnù.”

“Àìkọ́lẹ́kọ̀ọ́ ló fà á, ìyá,” ni Tàjúdíìn fèsì. “Ẹ lọ kọ́ wọn.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi délé. Àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún kò pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró, nítorí lóòótọ́ ni dògarì wá sílé àgbàlagbà kan tó fún ọmọ tó sọnù ní ẹ̀kọ mu. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá rí ọmọ tó ń sunkún lójú pópó, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sì kọjá. Ẹ ò rí i bí àánú ṣe ń kú? Ẹnikẹ́ni kì í pa á. Wọ́n kàn máa ń ní kó wá gbàṣẹ ni.

Ní ọjọ́ ọjà kan, akọ màlúù kan já okùn ní Kara. Ó sáré gba àárín ọjà kọjá, àwọn yòókù gbá tẹ̀lé e, eruku bo gbogbo ilẹ̀, ẹran ń ké, ènìyàn ń ké. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Ìyá Bùsírátù rí ọmọbìnrin kékeré kan lábẹ́ tábìlì rẹ̀, tó ká jọ láàárín àwọn abọ́ bí ọmọ ológbò, tó sì fi ìdérí ìkòkò bo orí.

“Sannu, ọmọ mi. Kí lorúkọ rẹ?”

“Larai.”

“Ìyá rẹ ń kọ́?”

Ọmọ náà yọjú wo ọjà. Ó tún fa ìdérí ìkòkò bo orí.

Kulu ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pọ̀n ọ́n. “Jẹ́ kí n gbé e lọ sílé. Ìyá rẹ̀ kò tíì lè jìnnà.”

“Ṣé o fẹ́ kí dògarì wá gbé ìwọ náà?” ni Ìyá Bùsírátù wí. “Ọkàn mi kò fẹ́ ẹ, àmọ́ jẹ́ kí n mú un dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn. Kíá ni màá padà.”

Kò padà kíá. Bàbá gbogbo ọmọ ń sun oorun ọ̀sán. Ọmọ àti Ìyá Bùsírátù jókòó sínú oòrùn títí tó fi jí, títí tó fi wẹ̀, títí tí Hùsèínì fi lu agogo. Ìyá Bùsírátù, tí orúnkún ń dùn, kúnlẹ̀, ó sì wí ohun tí wọ́n ní kí wọ́n máa wí.

Alákòóso tẹ ara síwájú lórí àga. “Ìwọ ọmọ, kí lorúkọ bàbá rẹ?”

“Baba.”

“Ìyá rẹ?”

“Inna.”

“Inna! O gbọ́ ọ, Hùsèínì? Gbogbo obìnrin tó bímọ nílẹ̀ yìí ló ń jẹ́ Inna! Ìlú wo lẹ ti wá?”

“Ilé wa.”

“Mo mọ Lọ́ńdọ̀nù lórí máàpù, mo mọ Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ìlú kan tó ń jẹ́ Ilé Wa, olùkọ́ mi kò fi hàn mí.” Hùsèínì rẹ́rìn-ín tó fi mú ọwọ́ lé ìhà. Larai ní òùngbẹ ń gbẹ òun. “Ẹ má fún un lómi,” ni Alákòóso wí. “Òùngbẹ ń bọ̀ wá jẹ́rìí.”

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí ọkùnrin kan fi wọlé, ẹni tó ti ń tẹ̀lé wọn láti ọjà. Garba lorúkọ rẹ̀. Kò dúró de agogo. Ó na gbalaja sílẹ̀, ó fi iwájú orí gbo ilẹ̀.

“Ranka ya dade!” ló fi kí i, bí wọ́n ṣe ń kí àwọn ọlọ́lá. “Bàbá gbogbo ọmọ, ẹ̀fúùfù tó ń gbé ọmọ tó ṣubú dìde, igi ńlá tí gbogbo ẹyẹ Sókótó ń sùn lé! Ní Wurno lọ́hùn-ún, orúkọ yín làwọn ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún.”

Alákòóso dìde dúró. “Wọ́n mọ̀ mí ní Wurno?”

“Wọ́n mọ̀ yín? Ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ lánàá, orúkọ yín ni wọ́n sọ ọ́!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ kí ẹ rí ojú ọkùnrin náà. Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti da epo sínú ìkòkò gbígbóná rí, àbí? Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe ń yọ́. Ó ti gbàgbé pé ọmọ kan wà níbẹ̀. Garba ló rán an létí: ó ní àbúrò ìyá ọmọ náà lòun, ó ní Wurno làwọn ti wá, ibẹ̀ làwọn sì ń padà sí lọ́jọ́ náà gan-an. Ó na ọwọ́ sí ọmọ náà, ọmọ náà sì sá sẹ́yìn Ìyá Bùsírátù.

“Alákòóso, ẹ jọ̀ọ́,” ni Ìyá Bùsírátù wí, “ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè dáadáa. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ ni, kí ló dé tí ọmọ ń sá fún un?”

“Ayọ̀ ló ń dà á láàmú. Ìyá, ẹni tó mọ èèyàn kí tó báyìí, irọ́ kò lè sí lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe fi iwájú orí kan ilẹ̀. Ẹ̀yin, orúnkún lásán lẹ kàn fi kàn án.”

Larai di ìró Ìyá Bùsírátù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Hùsèínì ló bẹ̀rẹ̀, tó ń tú ìka ọmọ náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Bùsírátù jáde, ṣùgbọ́n kò lọ sílé. Ó ń tẹ̀lé wọn lókèèrè. Nígbà tó rí i pé ọ̀nà gáréèjì ni Garba yà sí, níbi tí àwọn lọ́rì Gusau ti ń kó èrò, ó ké pe Kulu láti òpin ọjà dé òpin ọjà. Obìnrin méjèèjì kó ẹsẹ̀ jọ. Ìgbà tí wọ́n máa dé ibẹ̀, èrò ti kún ọkọ̀, awakọ̀ ti tanná sí i. Kulu kò pariwo. Ó lọ síwájú lọ́rì náà, ó ká ìró rẹ̀ jọ dáadáa, ó sì jókòó sílẹ̀ níwájú táyà bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹní.

“Kai!” ni awakọ̀, tó ń jẹ́ Mamman, ké láti ojú fèrèsé. “Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?”

“Rárá o. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ọkọ̀ yìí, ṣé Wurno ló ń lọ?”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. “Gusau ni,” ni Mamman wí. “Ẹni tó bá fẹ́ lọ Wurno, ẹ̀yìn ló kọ sí i yẹn.”

“Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi bi ọkùnrin tó di ọmọ mú lẹ́yìn yẹn. Ó wí fún Alákòóso pé Wurno ni òun ń mú un lọ.”

Gbogbo orí yí padà. Garba rẹ́rìn-ín, ó ké “Haba!”, ó sì gbé ohun ìjà rẹ̀ jáde: “Ranka ya dade, dírẹ́bà ńlá, ọba gbogbo ọ̀nà…”

“Mi ò jọba níbì kankan,” ni Mamman dá a lóhùn. “Wurno tàbí Gusau?”

Garba bẹ́ sílẹ̀, ó sì fẹ́sẹ̀ fẹ́ ẹ gba àárín àwọn màlúù. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbọ́ pé ọmọ ọlọ́mọ tí yóò máa kiri ọjà fún un ló máa ń kó lọ. Ẹ̀rù ba Larai débi pé kò lè sunkún mọ́. Kulu pọ̀n ọ́n lọ sílé, dògarì ì báà wá. Ládàánì kéde lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ó tún kéde lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ìyá Larai kò yọjú.

Ìyá Bùsírátù lọ wí fún Alákòóso. Hùsèínì kò jẹ́ kó wọlé. “Ọwọ́ Bàbá dí,” ó ní. “Olórí ẹgbẹ́ ń bọ̀ láti Kàdúná. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ìkíni dánra wò níwájú dígí.”

Lóòótọ́ ni olórí ẹgbẹ́ ń bọ̀, ìyá òyìnbó kan tó ti ń dàgbà, tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń dáàbò bò ní Sókótó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí ọmọ. Òfin Tàjúdíìn ti lé gbogbo wọn. Hùsèínì ló mú àbá wá: ẹ jẹ́ ká yá ọmọ. Wọ́n bá yá ọmọ káàkiri ilé àwọn ojúlùmọ̀, wọ́n gbé aṣọ gbígbó wọ̀ wọ́n, wọ́n fi súìtì tàn wọ́n, wọ́n sì kọ́ wọn títí tí gbogbo wọn fi ń wí i pẹ̀lú ohùn kan náà: “N kò ní bàbá, n kò ní ìyá, Alákòóso ló ni mí!” Àlàkẹ́, ọmọ bíbí inú Hùsèínì, ló ké jù.

Ọjọ́ pé. Gbogbo àdúgbò péjọ síwájú ọ́fíìsì. Tàjúdíìn wọ agbádá tó fẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ àlejò kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, òjìji igi kúrò lórí àwọn ènìyàn, ó lọ síbòmíràn, ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

“Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Larai!” ó ké. “Ó sọnù ní Kara. Àwọn aláìmọ̀kan kan fẹ́ gbé e pamọ́. Èmi nìkan, pẹ̀lú làákàyè tí Ọlọ́run fún mi, mo wá àbúrò ìyá rẹ̀ rí kí ènìyàn tó ṣẹ́jú! Lónìí, Larai wà ní Wurno, lórí itan ẹbí rẹ̀, ó ń jẹun, ó sì ń dárúkọ mi!”

Ìyá òyìnbó yìí ti ṣe nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Haúsá láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, Haúsá rẹ̀ sì já gaara. Kò sẹ́ni tó wí bẹ́ẹ̀ fún Tàjúdíìn, nítorí Tàjúdíìn kì í bèèrè nǹkan. Ìyá náà lọ bá àwọn ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú Àlàkẹ́, ó sì bi í ní Haúsá pé ta ló ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀.

“Ìyá mi,” ni Àlàkẹ́ wí.

“Bàbá rẹ ńkọ́?”

Ọmọ náà na ìka sí Hùsèínì. “Òun nìyẹn. Ó ní tí mo bá sọ, òun máa gba súìtì mi.”

Tàjúdíìn sáré wá. “Màdáàmù, ohun tó ń wí ni pé Hùsèínì náà dà bíi bàbá lójú òun…”

“Mo gbọ́ ohun tó wí,” ni ìyá òyìnbó dáhùn ní Haúsá.

Ìgbà náà ni Kulu rìn jáde láàárín èrò, Larai lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún, Ìyá Bùsírátù lẹ́yìn rẹ̀. “Larai kò sí ní Wurno,” ni Kulu wí. “Òun rèé. Inú lọ́rì Gusau la ti já a gbà.”

Ọmọ náà wo àga gíga, ó wo agbádá, ó sì sá sẹ́yìn Kulu. “Ẹni tó fi mí fún ọkùnrin tó gbé mi lọ nìyẹn,” ó ní.

Bó bá jẹ́ pé àgbàlagbà ló wí i, Tàjúdíìn ì bá ti ní èsì. Ìyá òyìnbó kọjú sí i. “Kí lo bi ọkùnrin tó wá gbé ọmọ yìí kí o tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún un?”

Tàjúdíìn wo Hùsèínì; Hùsèínì ń wo ilẹ̀.

“Ó kí mi dáadáa,” ni Tàjúdíìn wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún un bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan láàárín èrò wí pé “Subhanallah,” ó sì fa ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa àwọn òfin rẹ̀ rẹ́. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ni Hùsèínì ti ń wí fún ẹni tó bá dúró tì í pé òun ti ń kìlọ̀ fún un tipẹ́tipẹ́. Wọ́n lé Hùsèínì náà. Àwọn àdúgbò padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, Larai sì ń gbé lọ́dọ̀ Kulu, ó ń kọ́ ẹní híhun, bí ènìyàn bá sì kan ilẹ̀kùn, á kọ́kọ́ sá lọ sábẹ́ ibùsùn.

Ẹ máa rò pé ìtìjú ti kọ́ Tàjúdíìn lọ́gbọ́n. Ó wù mí kí n lè wí bẹ́ẹ̀ fún yín. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wá sí àgbàlá Kulu láti bẹ àwọn obìnrin náà kí wọ́n bá òun ránṣẹ́ sí Kàdúná kí wọ́n dá òun padà. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ìkíni ló fi bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin òpó ìlú,” ó ní, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú bó ṣe máa ń ṣe.

Ibi tó na ọwọ́ sí ni obìnrin kan tí eruku bo láti orí dé ẹsẹ̀ gbà wọlé, tó gbá adìẹ kan mọ́ àyà. Abúlé kan lẹ́yìn Kasarawa ló ti wá. Ẹnìkan ti wí fún un lọ́jọ́ ọjà yẹn pé òun rí ọmọbìnrin kan láàárín àwọn darandaran tó ń lọ sí ìhà àríwá, ó sì ti tẹ̀lé wọn láti abúlé dé abúlé, lásán, kó tó gbọ́ pé obìnrin kan gba ọmọ sílé ní Kara. Adìẹ yẹn ló mú wá dúpẹ́. Nínú àṣà Haúsá, ìyá kì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀, ìtìjú ni. Láti ọjọ́ tó ti bí ọmọ yìí, kò pe orúkọ rẹ̀ rí, kódà ní gbogbo ọ̀nà tó ti ń wá a, “ọmọbìnrin kan” ló ń wí.

Ó rí ẹsẹ̀ kékeré méjì lábẹ́ ibùsùn nínú yàrá. Ó ti adìẹ rẹ̀ bọ ọwọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù, láìwo ojú rẹ̀.

“Larai!” ó ké. “Larai! Larai!”

Ọmọ náà jáde bí ọta ìbọn. Àwọn méjèèjì ṣubú sórí ẹní, Ìyá Bùsírátù ń fi ìborùn nu ojú, Kulu dúró tì wọ́n.

Tàjúdíìn dúró láàárín àgbàlá, adìẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì ń retí kí wọ́n parí kó lè máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Adìẹ náà gbọn apá, ó fi ẹnu ṣá a lọ́wọ́, Tàjúdíìn sì fẹ́ gbé e sílẹ̀.

“Tàjúdíìn,” ni Kulu wí láìbojú wẹ̀yìn, “di adìẹ yẹn mú dáadáa. Kó má lọ sọnù.”